Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé

Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé (nǹkan bí 1892 – 1953) jẹ́ oníṣègùn ọmọ Yorùbá, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí a yàn ṣe igbákejì ọ̀gá oníṣègùn ìlera ìlú Èkó. Ìjà tí ó bá àrùn búbọ́níìkì jà ni a fi ń rántí rẹ̀ jù.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́

Bàbá rẹ̀ ni Isaac Olúwọlé, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà. Ládípọ̀ wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní King's College, Èkó, òun sì ni olórí akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó lọ sí Yunifásítì Glasgow ní 1913, ó gboyè ìṣègùn ní 1918, ó sì padà wálé láti ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Ní 1922, ó tún lọ sí Glasgow láti kọ́ nípa ìlera ìlú.

Àrùn búbọ́níìkì nínú ara

Àrùn náà jà ní Èkó láti 1924 sí 1930. Yọ̀rọ̀ ara eku ni ó ń gbé e kiri. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń dáàbò bo ara kò pọ̀ bákan náà níbi gbogbo: àwọn kan ń ṣọ́ awọ ara, àwọn kan wà nínú ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró, àwọn mìíràn ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, ọ̀pọ̀ sì kóra jọ sínú àwọn kókó kéékèèké tí ó wà ní ọrùn, abíyá àti ibi tí itan ti pàdé ikùn. Bí yọ̀rọ̀ bá bu ènìyàn jẹ ní ẹsẹ̀, kòkòrò àrùn á gba ojú awọ dé kókó tí ó wà lókè itan. Níbẹ̀, ó lè máa gbé nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó yẹ kí ó pa á. Kókó náà á wú, á sì máa ro ènìyàn gidigidi. Bí àrùn bá wọ ẹ̀jẹ̀, ikú kì í jìnnà.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó

Ní 1925, nígbà tí a yan Olúwọlé, kò tíì sí oògùn tí ń pa kòkòrò náà nínú ara. Nítorí náà, kí yọ̀rọ̀ tó bu ènìyàn jẹ ni ó ti ní láti ṣẹ́gun rẹ̀. Ó tún ètò ìlera èbúté ṣe, nítorí pé eku ń bá ọkọ̀ ojú omi rìn. Ó sọ àyẹ̀wò ilé àti àyíká di ohun ìjà pàtàkì, ó sì tún ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó dá sílẹ̀ ní Yaba, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn wolé-wolé. Ó tún dá ètò ìlera sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé.

Ogún rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka Olúwọlé sí baba ètò ìlera ìlú ní Nàìjíríà. Ní Apapa, níbi tí èbúté ńlá wà lónìí, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera èbúté ṣì ń yẹ ọkọ̀ wò. Ajegunle, níbi tí èrò pọ̀ sí, kò jìnnà sí èbúté náà rárá.