Bánkọ́lé Vivour, Akọni Ọmọ Èkó

Kí ogun 1939 tó bẹ́ sílẹ̀, ènìyàn dúdú kò lè di ọ̀gá nínú ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n mú òfin náà kúrò, Bánkọ́lé Beresford Vivour, ọmọ Èkó, wọ iṣẹ́ náà. Ẹgbẹ́ 156 ni ó wà, àwọn tí í ṣíwájú láti tan iná sí ibi tí àwọn ará ẹ̀yìn yóò ju bọ́ǹbù sí. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 1944, ọkọ̀ òfuurufú 795 gbéra lọ sí Nuremberg ní Jámánì. Òṣùpá ràn kedere, ọ̀tá sì rí wọn. Ọkọ̀ 95 ni kò padà. Ti Vivour wà nínú wọn. Bí ẹni tí ń tànmọ́lẹ̀ fún ẹgbẹ́ ṣe sùn sí àjò nìyẹn. Kí ilé má gbàgbé rẹ̀.