Nígbà Tí Ọ̀nà Bá Dí: Ìtàn Thomas Jefferson Bowen

Bíbélì Kíkà: 1 Àwọn Ọba 19:1-18, Matteu 6:25-34, Filippi 4:4-9
Àkọ́sórí: 1 Peteru 5:7

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún 1850, Thomas Jefferson Bowen fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Àgbádárìgì. Òun ni míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi àkọ́kọ́ tí ó dé ilẹ̀ wa. Inú wa a máa dùn bí a bá ń ka èyí nínú ìtàn ìjọ wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro bí ọkàn ọkùnrin náà yóò ti rí lọ́jọ́ náà. Mẹ́ta ni wọ́n nígbà tí wọ́n kúrò ní Amẹ́ríkà ní ìparí ọdún 1849. Goodale kú ní Làìbéríà, Hill sì dúró síbẹ̀. Bowen nìkan ni ó kù. Kò ní ará tàbí ojúlùmọ̀ níhìn-ín, òwò ẹrú kò sì tíì tán ní etíkun wa nígbà náà. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣàníyàn, ta ni yóò bá a wí?

Ìpínlẹ̀ Georgia ni a ti bí Bowen ní ọdún 1814. Ó ti jagun rí kí ó tó di oníwàásù. Ìgbòho ní Òkè-Ògùn ni ó ń lọ. Kò pẹ́ ní Àgbádárìgì kí ó tó gbéra lọ sí Abẹ́òkúta, nítorí ó rò pé ibẹ̀ ni òun yóò gbà kọjá. Ṣùgbọ́n ogun ti dí ọ̀nà. Ọjọ́ di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di oṣù, títí ó fi lé ní ọdún kan, Bowen kò rí ọ̀nà lọ. Òkè òkun sì ni àwọn tí ó rán an níṣẹ́ wà.

Kí ni ó ṣe? Kò jókòó kí ó máa ka ọjọ́. Ó kọ́ èdè Yorùbá. Ó ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀, ó ń kọ ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ sílẹ̀, ó sì ń wàásù. Nígbà tí ogun Dàhómì dé sí Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1851, kò sá lọ. Ó fi ìmọ̀ tí ó ní nípa ogun gba àwọn Ẹ̀gbá nímọ̀ràn, àwọn Ẹ̀gbá sì lé ogun náà padà.

Bowen kò rí Ìgbòho fi ṣe ibùdó, ṣùgbọ́n Kúrunmí, olórí Ìjàyè, gbà á. Ní ọdún 1852 ó padà sí Amẹ́ríkà láti wá olùrànlọ́wọ́. Ní ọdún 1853, òun àti Lurana ìyàwó rẹ̀ dé pẹ̀lú tọkọtaya méjì mìíràn. Ìpọ́njú tún bẹ̀rẹ̀. Tọkọtaya Lacy padà sílé nítorí àìlera. Kí ọdún 1854 tó parí, Dennard àti ìyàwó rẹ̀ ti kú. Bowen àti Lurana sin ọmọ wọn jòjòló sí Ìjàyè. Síbẹ̀, ní ọdún 1854 kan náà, wọ́n kọ́ ilé ìsìn sí ìlú náà, ní ọdún 1855 wọ́n sì lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ní ọdún 1856 wọ́n padà sí Amẹ́ríkà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí Bowen ṣe jáde. Ẹ kíyè sí i: ní àkókò tí ọ̀nà dí ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kó ọ̀rọ̀ jọ.

A kò gbọdọ̀ fi ìparí ìtàn náà pamọ́. Bowen lọ sí Bràsíìlì láti wàásù, ṣùgbọ́n ní ọdún 1861 àìsàn lé e padà. Ọpọlọ rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Bí ara rẹ̀ bá yá, a tún máa wàásù; bí àìsàn bá tún dé, a óò gbé e lọ fún ìtọ́jú. Ilé ìtọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Milledgeville ni ó kú sí ní ọdún 1875. Ǹjẹ́ a lè sọ pé kò ní ìgbàgbọ́? Kí a má rí i. Àìsàn ọpọlọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ibà kì í ti í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìjọ tí ó ń gbàdúrà fún aláìsàn ibà, tí ó sì tún gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kò gbọdọ̀ ṣe kéré sí i fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú.

Ẹ̀kọ́ fún Wa

Díákónì tí gbèsè ilé ìsìn wà lọ́rùn rẹ̀ mọ àníyàn. Ìyá tí ó ń wá owó ilé-ìwé ọmọ mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ Bowen kọ́ ni ṣíṣí ọ̀nà Ìgbòho wà, ṣùgbọ́n kíkọ́ èdè wà ní ọwọ́ rẹ̀. Aṣáájú tí yóò borí àníyàn yóò fi èyí tí ó ju agbára rẹ̀ lọ sí ọwọ́ Ọlọ́run nínú àdúrà, yóò sì dìde ṣe èyí tí ó wà níwájú rẹ̀ lónìí.

Ẹ tún wo Èlíjà lábẹ́ igi. Ọlọ́run kò bá a wí kí ó tó fún un ní oúnjẹ àti oorun. Lẹ́yìn náà ni ó fún un ní iṣẹ́, ó sì fi Èlíṣà tì í lẹ́yìn. Aṣáájú pẹ̀lú nílò ìsinmi àti alábàárù.

Fún Ìjíròrò

1. Ọ̀nà wo ni ó dí mọ́ ọ báyìí? Iṣẹ́ wo ni ó ṣì wà ní ọwọ́ rẹ?
2. Ta ni ó ń bá pásítọ̀ wa ru ẹrù rẹ̀?
3. Báwo ni ìjọ wa ṣe ń ṣe sí ẹni tí ó ní àìsàn ọpọlọ àti àwọn ará ilé rẹ̀?