Samuel Okoye: Ohùn Kékeré Nínú Ariwo Ńlá

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ajíhìnrere, kì í sì í ṣe olórin. Onímọ̀ físíìsì ni. Àwọn tó ń fi rédíò wo ojú ọ̀run mọ orúkọ rẹ̀ káàkiri ayé, ṣùgbọ́n bí mo bá béèrè rẹ̀ láàárín wa, ẹni mélòó ni yóò nawọ́ sókè? Bẹ́ẹ̀ ọmọ Nàìjíríà ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Iṣẹ́ àṣejáde mi ní yunifásítì ni kí n gba inú ìwé àkójọ àwọn ohun tó ń fi ìgbì rédíò ránṣẹ́ láti ojú ọ̀run kọjá ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí n yẹ̀ wọ́n wò, kí n sì kọ ohun tí mo rí sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń to sólà, wọ́n ń jó waya pọ̀. Èmi jókòó sínú yàrá ní Maikunkele, mo ń ka nọ́ńbà ohun tí n kò lè fojú rí. Ojú ń tì mí. Nígbà tó sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fo àwọn tí agbára wọn rẹlẹ̀ jù. Mo sì ti ń gbèrò pé n ó fi nọ́ńbà tó jọ òótọ́ dí àyè wọn, nítorí ta ni yóò mọ̀? Àárín ìgbà yẹn ni mo ka ìtàn Samuel Okoye.

Wọ́n bí Samuel Ejikeme Okoye ní ọdún 1939. Ará Amawbia ni, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Anambra lónìí. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ó rékọjá òkun lọ sí Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Antony Hewish ni olùkọ́ tó tọ́ ọ sọ́nà níbẹ̀. Ní 1965, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ fífi rédíò wo ojú ọ̀run, òun sì ni wọ́n kà sí aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tó gba oyè náà.

Irú iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe ní Cambridge? Kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ nìkan ni àwọn ohun ojú ọ̀run ń rán wá. Ọ̀pọ̀ wọn ń rán ìgbì rédíò wá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́ nígbà tó bá fi dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n na waya sórí pápá láti gbà á, gègé á sì máa fà á sórí bébà gígùn. Ènìyàn á wá jókòó ti bébà náà, á wo ibi tí gègé ti fò sókè, á kọ ibi tí ohun náà wà àti bí agbára rẹ̀ ti tó. Ìwé àkójọ wọn kẹta, tó jáde ní 1959, ní ohun 471 nínú. Ìkẹrin, tó jáde ní apá méjì ní 1965 àti 1967, ní èyí tó lé ní 4,800, nítorí wọ́n ti ń gbọ́ àwọn tó túbọ̀ rẹlẹ̀.

Nọ́ńbà 144 nínú ìwé kẹta yẹn kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni. Crab Nebula ni, ìkùukùu tó ṣẹ́kù lára ìràwọ̀ kan tó bú gbàmù, tí àwọn ará Ṣáínà rí ní ọdún 1054. Ariwo rédíò rẹ̀ pọ̀ gan-an. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ti wọn agbára rẹ̀. Ta ni yóò tún padà sí i? Okoye àti Hewish padà sí i.

Ẹ wo ojú ọ̀run lálẹ́ òní. Ìràwọ̀ ń ṣẹ́jú, òṣùpá kì í ṣẹ́jú. Ìràwọ̀ kéré lójú wa débi pé afẹ́fẹ́ tó ń rú lókè lè mi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n òṣùpá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Báyìí náà ni ti rédíò rí. Afẹ́fẹ́ kan wà tó ń fẹ́ jáde láti ara oòrùn. Ìgbì tó wá láti ibi kékeré á máa ṣẹ́jú bó bá gba àárín rẹ̀ kọjá. Èyí tó wá láti ibi tó fẹ̀ kì í ṣẹ́jú. Crab Nebula fẹ̀ débi pé kò yẹ kó ṣẹ́jú rárá. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì rí i pé díẹ̀ nínú ariwo náà ń ṣẹ́jú. Ìyẹn ni pé ohun kékeré kan tó lágbára kọjá ìwọ̀n fara pa mọ́ sínú ìkùukùu ńlá náà. Wọn kò lè sọ ní pàtó ohun tó jẹ́. Wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé ìròyìn Nature ní oṣù keje ọdún 1965.

Ní 1967, Jocelyn Bell, akẹ́kọ̀ọ́ Hewish mìíràn, rí irú ìràwọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀, tó ń lù kì, kì, kì bí aago. Pulsar ni wọ́n sọ ọ́. Ní 1968, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí ọ̀kan nínú Crab Nebula. Ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 20 kìlómítà lọ, síbẹ̀ ó wúwo ju oòrùn lọ, ó sì ń yí ní nǹkan bí ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn kékeré tí Okoye àti Hewish ti gbọ́ nìyẹn.

Hewish àti Martin Ryle gba ẹ̀bùn Nobel ní 1974. Orúkọ Bell kò sí níbẹ̀, ti Okoye náà kò sí níbẹ̀. N kò ní bù mọ́ ọn: àmì ni Okoye rí, kò tíì mọ̀ pé pulsar ni. Ṣùgbọ́n àmì náà jẹ́ òótọ́, kò sì sí ẹni tó lè fà á ya kúrò nínú ìwé.

Okoye ti padà sílé nígbà náà, Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka ló sì ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tó pọ̀ jù. Ogun abẹ́lé dé Nsukka ní 1967. Lọ́dún tí Bell ń tẹjú mọ́ bébà rẹ̀ ní Cambridge, yunifásítì yìí ti dákẹ́. Nígbà tí ogun parí ní 1970, ìwé àti ẹ̀rọ púpọ̀ ti ṣègbé. Ní 1972, ọdún méjì péré lẹ́yìn ogun, Okoye dá ilé ìwádìí nípa òfuurufú sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí pápá waya bíi ti Cambridge. Àwọn ìwé àkójọ tí ẹlòmíràn ti tẹ̀ jáde ló wà. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mú nọ́ńbà inú wọn, wọ́n fi ń wádìí bí àwọn ohun tó jìnnà réré wọ̀nyẹn ti tóbi tó, àti bóyá ìtóbi wọn ti yí padà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Báyìí ni ẹ̀kọ́ ìràwọ̀ ṣe ta gbòǹgbò ní ilẹ̀ wa. Ó fi ayé sílẹ̀ ní 2009, nígbà tí èmi ṣì jẹ́ ọmọdé.

Ibi tí ìtàn yìí ti mú mi nìyí. Nọ́ńbà inú ìwé tí ẹlòmíràn kọ! Iṣẹ́ tí mo ń tijú rẹ̀ gan-an ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ìwé àkójọ kan tí wọ́n gbé jáde ní Yúróòpù ní 2022 ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin, ó sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá ní sùúrù. Bí Okoye bá ti fo ìṣẹ́jú kékeré yẹn, bóyá ariwo ńlá nìkan ni ìbá kọ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ìbá bi í.

Mo rántí Samuel mìíràn, ọmọdé tó sùn nínú tẹ́ḿpìlì tó gbọ́ ìpè lóru. Ó dìde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Sáàmù sì kọ́ wa pé Olúwa tó ka ìràwọ̀ ló sọ gbogbo wọn lórúkọ, kò yọ èyí tó rẹlẹ̀ sílẹ̀. Báwo ni èmi yóò ṣe máa jọ́sìn Ẹni tí kò fo ìkankan, kí n wá máa fi irọ́ dí àyè àwọn tí mo fò?

Iná kò sí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo fi ìwọ̀nba bátìrì tó kù nínú kọ̀ǹpútà padà sí ìlà àkọ́kọ́ tí mo fò. Mo ń bá a bọ̀ díẹ̀díẹ̀, n kò sì tíì parí.

Ìwọ ńkọ́, ará mi? Ìlà wo lo fò nínú iṣẹ́ tí a gbé lé ọ lọ́wọ́? Kí Olúwa fún wa ní etí tó ń gbọ́ ohùn kékeré, àti ọwọ́ tí kò ní kọ irọ́ sílẹ̀. Àmín.