Olóyè Awólọ́wọ̀ àti Àga Tí Ó Fi Sílẹ̀ ní Ìbàdàn

Orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí yóò ka ìwé ìrántí yìí. Àwọn òbí wa gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí rédíò. Àwọn ọmọ wa ń rí àwòrán rẹ̀ lórí owó ọgọ́rùn-ún náírà. Gbogbo ohun tí ó ṣe láyé kọ́ ni a fẹ́ sọ níhìn-ín, nítorí ojú ewé díẹ̀ kò lè gbà á. Ìpinnu kan ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, èyí tí ó ṣe nígbà tí ó jẹ́ ẹni àádọ́ta ọdún: ó fi ipò Pírémíà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ kí àkókò rẹ̀ tó pé, nítorí pé ó ń wo ipò tí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Èkó.

A bí i ní Ìkẹ́nnẹ́, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1909. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, Dáfídì Sopolú, ó sì ń la gẹdú pẹ̀lú. Bàbá yìí kú ní 1920, nígbà tí ọmọ náà ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, láti ìgbà náà ni ọmọ sì ti ń fi òógùn ojú ara rẹ̀ wá owó ilé-ẹ̀kọ́. Ó kàwé díẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó dé Wesley College ní Ìbàdàn ní 1927, kò sì pẹ́ níbẹ̀. Ó ṣe olùkọ́, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣe oníròyìn, ó ṣòwò, ó jẹ gbèsè, ó sì san án. Ní 1937 ó gbé Hannah Ìdòwú Dídeolú níyàwó, obìnrin tí ìtàn ọkọ rẹ̀ kò lè pé láìsí i. Ó gba oyè ìmọ̀ ìṣòwò láti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944 láìkúrò nílé. Lẹ́yìn náà ni ó wá wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀, ó sì di lọ́yà ní 1946. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń rò pé ọ̀nà ti dí mọ́ ọmọ yín nítorí pé owó kò sí, ẹ tún ìpínrọ̀ yìí kà.

Ní 1951 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Ẹgbẹ́ Action Group jáde ní gbangba ní Ọ̀wọ̀, ẹgbẹ́ tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ó di aṣáájú ìjọba ní Ìbàdàn, ní 1954 ó sì di Pírémíà. Ohun tí ó fi ipò náà ṣe kò nílò àlàyé gígùn fún àwọn tí orí wọn ti ń funfun nínú wa. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní 1954, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn kò ju bí 457,000 lọ. Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ní 1955, wọ́n lé ní 800,000. Àwa pàápàá wà lára àwọn tí ó gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, pẹ̀lú síléètì lábẹ́ apá, láìmọ̀ pé ẹnì kan ti jókòó ṣírò owó orí bẹ́ńṣì wa. Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn gba ìjọba ara rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1957. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá 1959, tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré lẹ́yìn náà, ọkùnrin tí ó dá a sílẹ̀ ti kúrò lórí àga.

Kò sí ẹni tí ó lé e. Ìbò oṣù Karùn-ún 1956 ni ó gbé ìjọba rẹ̀ wọlé kẹ́yìn, àkókò sì ṣì kù fún un. Kò sí ẹ̀sùn kan tí ó ń sá fún, kò sí àìsàn tí ó dá a dùbúlẹ̀. Kí ló dé tí ó fi dìde?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé Nàìjíríà ń lọ sí òmìnira. Ìbò ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1959 ni yóò sọ ẹni tí yóò jẹ́ Olórí Ìjọba Àpapọ̀ nígbà tí àwọn òyìnbó bá gbé àsíá wọn sọ̀kalẹ̀ ní ọdún tí ó ń bọ̀. Awólọ́wọ̀ gbà pé ohun tí òun ti ṣe fún Ìwọ̀-Oòrùn ṣeé ṣe fún gbogbo Nàìjíríà, láti Ìkẹ́nnẹ́ títí dé Maiduguri, ó sì gbà pé ẹni tí ó bá jókòó sí Ìbàdàn kò lè ṣe é. Ó tún fẹ́ kí a dá àwọn ìpínlẹ̀ titun sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀yà kéékèèké kí òmìnira tó dé, Èkó nìkan sì ni a ti lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ti máa ń pe èyí ní ojúkòkòrò. Ní tiwa, a kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe ojúkòkòrò kì í fi ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó di èyí tí ó ń lé mú.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà, ẹni tí ó gbà á sì wà ní ìtòsí. Ahmadu Bello, Sardauna Sókótó, ni Pírémíà Àríwá àti olórí ẹgbẹ́ NPC. Òun náà lè wá ipò Èkó, agbára ẹgbẹ́ rẹ̀ sì tó bẹ́ẹ̀. Kò kúrò ní Kaduna. Igbákejì rẹ̀, Abubakar Tafawa Balewa, ni ó fi sí Èkó, òun sì jókòó sí ibi tí gbòǹgbò agbára rẹ̀ wà. Awólọ́wọ̀ náà ní irú igbákejì bẹ́ẹ̀. Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ, ni igbákejì olórí ẹgbẹ́ Action Group. Èkó ni ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà pípẹ́, ó sì ti ṣe mínísítà níbẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní Èkó, tí Awólọ́wọ̀ sì dúró ní Ìbàdàn, ìtàn ilẹ̀ yìí ì bá gba ibòmíràn. Dípò bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì pàdé lójú ọ̀nà: ọ̀kan ń lọ sí Èkó, èkejì ń bọ̀ ní Ìbàdàn.

Awólọ́wọ̀ fi gbogbo agbára wá ìbò náà. Ó gun hẹlikópítà káàkiri ilẹ̀ Àríwá, ohun tí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ kò tíì rí rí, tí inú àwọn olórí wọn kò sì dùn sí. Nígbà tí a ka ìbò tán, ìjókòó 312 ni ó wà nílẹ̀. NPC mú 134, NCNC àti NEPU tí wọ́n jọ ṣe mú 89, Action Group mú 73. Ẹ jẹ́ kí a wo iye yìí dáadáa, nítorí pé a máa ń sáré kọjá lórí rẹ̀. Nínú 73 náà, 25 wá láti Àríwá, 14 wá láti Ìlà-Oòrùn. Iṣẹ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá. Ṣùgbọ́n ní Ìwọ̀-Oòrùn fúnra rẹ̀, níbi tí ìjókòó 62 wà, 33 péré ni wọ́n mú. Ilé tí ó fi sílẹ̀ kò dúró gbọn-in tó bí ó ti rò.

NPC àti NCNC para pọ̀ ṣe ìjọba. Balewa di Olórí Ìjọba Àpapọ̀, Awólọ́wọ̀ di olórí àwọn alátakò. Ó ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ni wọ́n gbógun ti àdéhùn ààbò tí Nàìjíríà bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe, títí a fi pa á rẹ́ ní 1962. Ṣùgbọ́n olórí alátakò kò ní ilé-iṣẹ́ ìjọba kankan lábẹ́ rẹ̀, kò lè kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ti ń pàṣẹ fún ọdún méje wá di ẹni tí ń dìde bi ìbéèrè.

Nnamdi Azikiwe pẹ̀lú fi ipò Pírémíà Ìlà-Oòrùn sílẹ̀ ní àkókò kan náà, Michael Okpara sì gba ipò rẹ̀. Nígbà tí Azikiwe di Gómìnà Àgbà ní oṣù Kọkànlá 1960, ó fi ìṣàkóso ẹgbẹ́ NCNC náà sílẹ̀ fún Okpara. Ọ̀pá méjèèjì ni ó gbé kalẹ̀. Awólọ́wọ̀ gbé ọ̀kan kalẹ̀, ó sì di èkejì mú, nítorí pé òun ṣì ni olórí ẹgbẹ́. Èrò rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ ni ó gbé Pírémíà sórí àga, nítorí náà kí Pírémíà máa mú ọ̀rọ̀ pàtàkì wá síwájú ẹgbẹ́. Èrò Akíntọ́lá ni pé ẹni tí a bá fi joyè, ẹ jẹ́ kí ó jẹ ẹ́. A kò rí èyí tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ nínú méjèèjì. Àwa tí a kọ́ nípa Mósè àti Jóṣúà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ mọ̀ pé Jóṣúà ì bá rí ìṣòro bí Mósè bá ṣì wà lórí òkè Nébò tí ó ń wo bí ó ti ń pín ilẹ̀.

Wọ́n wá yapa lórí ohun tí ó ju ti àga lọ. Akíntọ́lá fẹ́ kí ẹgbẹ́ bá NPC ṣe, kí àwọn ọmọ Yorùbá lè rí tiwọn gbà ní Èkó. Awólọ́wọ̀ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ètò ìṣèlú ti ṣíṣe ọrọ̀ ìlú ní ti gbogbo ènìyàn ni ó sì ń tẹ̀ síwájú. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní Jos ní oṣù Kejì 1962, Akíntọ́lá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde kí ìpàdé tó parí. Ní oṣù Karùn-ún, ẹgbẹ́ ní kí ó fi ipò sílẹ̀, ó kọ̀. Gómìnà, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, yọ ọ́, ó sì fi Alhaji Dauda Adégbẹ́nrọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin jókòó ní Ìbàdàn, àwọn aṣòfin ń ju àga lu ara wọn, àwọn ọlọ́pàá sì fi tajútajú tú wọn ká. Inú ilé tí a ti ṣe òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni èyí ti ṣẹlẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìjọba Àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì ní ọjọ́ 29, Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ni wọ́n fi ṣe alábòójútó, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1963, Akíntọ́lá padà sórí àga láìsí ìbò. Wọ́n fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba kan Awólọ́wọ̀. Ó wà lábẹ́ ìgbẹ́jọ́ náà nígbà tí Ṣẹ́gun, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní oṣù Keje 1963. Ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún un, Calabar ni ó sì ti lo púpọ̀ nínú èyí tí ó ṣe. Ìbò Ìwọ̀-Oòrùn ti 1965 dá iná tí a kò tètè rí pa sílẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní 1966, àwọn ọmọ ogun pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn, wọ́n pa Sardauna ní Kaduna, wọ́n sì gbé Balewa lọ láti Èkó, kò sì padà wálé láàyè. Ẹni tí ó wà lẹ́wọ̀n ni ó yè. Gowon dá a sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún náà.

Ó tún fi ipò ńlá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti 1967 ni ó ti ń bójú tó owó ìjọba àpapọ̀, òun sì ni igbákejì alága ìgbìmọ̀ Gowon, ní gbogbo àkókò ogun abẹ́lé. Ní 1971, nígbà tí ogun ti parí, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́ lọ́yà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fi arọ́pò kankan tí yóò máa ṣọ́ sílẹ̀, ìjà kankan kò sì tẹ̀lé e. Ó dúró ọdún méje kí àwọn ológun tó ṣí ọ̀nà ìṣèlú. Ó dá ẹgbẹ́ UPN sílẹ̀ ní 1978, ó sì du ipò Ààrẹ ní 1979: Shehu Shagari ní ìbò tí ó lé ní mílíọ̀nù 5.6, òun ní èyí tí ó lé ní mílíọ̀nù 4.9. Ó tún dán an wò ní 1983, kò bọ́ sí i. Ipò tí ó tìtorí rẹ̀ dìde ní Ìbàdàn ní 1959, kò dé ibẹ̀ títí ó fi kú ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún 1987.

Ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìjọba fi orúkọ rẹ̀ pe Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí a fi òfin dá sílẹ̀ ní 1961, nígbà tí Akíntọ́lá jẹ́ Pírémíà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, yunifásítì mìíràn ń jẹ́ orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá. Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ń kọ́wọ̀ọ́ rìn lọ ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé, ọmọ kan ń wá àyè ní Ifẹ̀, èkejì ń wá a ní Ògbómọ̀ṣọ́, orí bẹ́ńṣì kan náà ni wọ́n sì ti jọ kàwé.