Robert Brown (onímọ̀ ewéko)

Robert Brown (21 Oṣù Kejìlá 1773 – 10 Oṣù Kẹfà 1858) jẹ́ onímọ̀ nípa ewéko, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tlándì. Òun ni ó fún àwọn ìtàkùn olódòdó tí a mọ̀ sí Hoya ní orúkọ, òun náà ni ó sì fún núkílíọ́ọ̀sì inú sẹ́ẹ̀lì ní orúkọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ìlú Montrose ni wọ́n bí Brown sí. Àlùfáà ìjọ Episcopal ni bàbá rẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Marischal College ní Aberdeen, lẹ́yìn náà ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Edinburgh, ṣùgbọ́n kò gba oyè níbẹ̀. Ó wọ iṣẹ́ ológun gẹ́gẹ́ bí igbákejì dókítà oníṣẹ́ abẹ, wọ́n sì rán ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ lọ sí Ireland. Ewéko ni ó máa ń wá kiri nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀.

Ìrìn-àjò sí Australia

Joseph Banks ni ó yan Brown láti bá ọkọ̀ ojú omi Investigator lọ sí Australia. Matthew Flinders ni ọ̀gá ọkọ̀ náà, wọ́n sì gbéra ní Oṣù Keje 1801. Ferdinand Bauer tí ó jẹ́ ayàwòrán àti Peter Good tí ó jẹ́ ológbà wà pẹ̀lú wọn. Good kú sí Sydney ní 1803. Ní ọdún kan náà, ọkọ̀ Porpoise forí sọ àpáta inú òkun. Àwọn ewéko tútù tí Good kó jọ àti apá kan nínú àwọn ewéko gbígbẹ Brown sì ṣègbé. Ní 1805, Brown kó ìyókù dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní 1810, ó fi owó ara rẹ̀ tẹ ìwé kan jáde ní èdè Látìn lórí àwọn ewéko Australia. Díẹ̀ péré ni wọ́n rà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ìwé ìmọ̀ ewéko.

Hoya àti àwọn ewéko olóje

Kí Brown tó dé, abẹ́ Asclepias ni wọ́n ka Hoya carnosa sí. Brown fara balẹ̀ yẹ inú òdòdó irú ewéko olóje funfun bẹ́ẹ̀ wò. Ó rí i pé lẹ́búlẹ́bú akọ inú wọn kì í tú ká, ṣe ni ó ń lẹ̀ pọ̀ di ìṣù. Nítorí èyí, ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ẹbí Apocynaceae. Ó sọ Hoya ní orúkọ Thomas Hoy, ológbà Duke ti Northumberland ní Syon House. Brown náà ni ó fún Calotropis ní orúkọ, níbi tí bọmubọmu wà, èyí tí àwọn tó ń ṣe wàrà ní ilẹ̀ Yorùbá ń fi oje rẹ̀ mú wàrà dì.

Gbígbìn Hoya

Nínú igbó Éṣíà, ara igi ni Hoya carnosa máa ń gùn. Nítorí náà, ilẹ̀ tí kì í gba omi dúró ni ó dára fún un, irú èyí tí a fi èèpo igi tàbí háhá àgbọn pò. Ó fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe oòrùn ọ̀sán gangan. A kì í bomi rin ín títí ojú ilẹ̀ yóò fi gbẹ, ìkòkò kékeré kò sì ni ín lára. Ẹ̀ka tí ó ní oríkèé kan tàbí méjì yóò ta gbòǹgbò bí a bá gbìn ín. Bí òdòdó bá rẹ̀, a kì í gé igi kékeré tí ó so ó rọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni òdòdó mìíràn yóò ti yọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà

Banks kú ní 1820, ó sì fi ilé ìkàwé àti àkójọ ewéko rẹ̀ sí ìkáwọ́ Brown, ẹni tí ó fà wọ́n lé British Museum lọ́wọ́ ní 1827, tí ó sì di olùtọ́jú wọn níbẹ̀. Ní 1827 náà, ó fi máíkírósíkóòpù rí i pé àwọn horo tín-tìn-tín inú lẹ́búlẹ́bú òdòdó ń mira nínú omi láìdúró. Ó dán lẹ́búlẹ́bú òkúta wò, òun náà sì ń mira. Nípa bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀mí ni ó ń mì wọ́n. Albert Einstein ṣàlàyé ohun tó fà á ní 1905. Ní 1831, nígbà tí ó ń ṣèwádìí bí ọ́kíìdì àti àwọn ewéko olóje ṣe ń di ọlọ́mọ, ó tọ́ka sí núkílíọ́ọ̀sì, ó sì fún un ní orúkọ. Àwọn mìíràn ti rí i ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó fi hàn pé ó wọ́pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ewéko.

Ikú àti ipa rẹ̀

Brown kú ní London ní ẹni ọdún 84. Ní ìparí ọ̀rúndún ogún, àwọn onímọ̀ dá ẹbí tí ó yà sọ́tọ̀ padà sínú Apocynaceae. Síbẹ̀, Hoya àti Calotropis ṣì ń jẹ́ orúkọ tí ó sọ wọ́n.