Arthur Ashe: Ọkùnrin tó fi sùúrù borí Jimmy Connors ní Wimbledon

Kò tíì ju ọjọ́ 10 lọ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ nígbà tí ìròyìn burúkú gba ìlú kan. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976, àwọn ṣọ́jà tó fẹ́ fipá gbàjọba yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí orílẹ̀-èdè tó dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀, nínú mọ́tò rẹ̀ l'Ékòó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé àwọn àgbà eléré tẹ́níìsì àgbáyé wà l'Ékòó lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n wá díje ní Lagos Lawn Tennis Club ní Onikan, ibi tí ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Mowe tàbí Ibafo láàárọ̀ òní lè dé kó tó di ọ̀sán, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá gbà fún un. Nígbà tí ìlú rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n padà sórí pápá. Arthur Ashe àti Jeff Borowiak, ọmọ Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì, ń figagbága láti mọ ẹni tí yóò dé àṣekágbá nígbà tí àwọn ṣọ́jà ya wọlé tàwọn tìbọn. Inú ń bí wọn pé eré ìdárayá ni àwọn èèyàn jókòó tì nígbà tí orílẹ̀-èdè ń ṣọ̀fọ̀. Wọ́n tú àwọn òǹwòran ká, wọ́n sì fi ìbọn lé àwọn eléré kúrò lórí pápá. Ìlú Caracas, lórílẹ̀-èdè Venezuela, ni wọ́n ti lọ parí ìdíje náà.

Ẹni tí wọ́n fi ìbọn lé bẹ́ẹ̀ yẹn, kò tíì pé oṣù mẹ́jọ tó gba ife Wimbledon ní London. Bó ṣe gbà á ló jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ máa wà lẹ́nu àwọn èèyàn títí dòní.

Ọmọ ẹni tó ń tọ́jú pápá

Ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1943 ni wọ́n bí Arthur Ashe ní ìlú Richmond, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Lásìkò yẹn, òfin ló ya aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun sọ́tọ̀ níbẹ̀: ilé ìwé ọ̀tọ̀, ìjókòó ọ̀tọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, pápá ìṣeré ọ̀tọ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń tọ́jú Brook Field, pápá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fáwọn aláwọ̀ dúdú, inú ọgbà pápá náà sì ni ilé wọn wà. Ọmọ ọdún 6 ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú.

Pápá tẹ́níìsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, ibẹ̀ ló sì ti di rákẹ́ẹ̀tì mú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ron Charity ló kọ́kọ́ kọ́ ọ. Nígbà tí Charity rí i pé ọmọ náà lẹ́bùn, ó mú un lọ sọ́dọ̀ Dókítà Robert Walter Johnson ní ìlú Lynchburg. Oníṣègùn ni Johnson, ṣùgbọ́n ó ní pápá tẹ́níìsì nílé rẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ó wà lára àwọn tó ran Althea Gibson lọ́wọ́, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ife Wimbledon, lọ́dún 1957.

Dókítà yìí ní òfin tó le. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò gbọdọ̀ bá rẹfirí jiyàn. Wọn ò gbọdọ̀ ju rákẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù alátakò bá tilẹ̀ jábọ́ sẹ́yìn ìlà díẹ̀, kí wọ́n gbá a padà bíi pé inú ló bọ́ sí. Kì í ṣe pé ó fẹ́ sọ wọ́n di gọ̀ǹgọ̀ṣú o. Ó mọ̀ pé àwọn òyìnbó tó ń ṣètò ìdíje ń wá ẹ̀sùn tí wọ́n máa fi lé ọmọ aláwọ̀ dúdú dànù, kò sì fẹ́ kí wọ́n rí i.

Ashe gbé ẹ̀kọ́ yẹn mì káló. Bó borí, bó pàdánù, ojú rẹ̀ kì í yí padà. Àwọn kan ní ọmọlúàbí ni. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn, gbà pé ó ti rọ̀ jù.

Ó gba ife, ẹlòmíràn gba owó

Torí pé wọn kì í jẹ́ kó ta lórí ọ̀pọ̀ pápá ní Richmond, ìlú St. Louis ló ti lọ parí ilé ìwé girama. Láti ibẹ̀ ló ti rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà ní yunifásítì UCLA ní California. Lọ́dún 1963, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà mú sínú ikọ̀ Davis Cup, ìyẹn ìdíje tẹ́níìsì láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn tó parí yunifásítì, ó wọ iṣẹ́ ológun.

Ọdún 1968 le fún aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Oṣù Kẹrin ni wọ́n pa Martin Luther King. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, Ashe, tó ṣì jẹ́ ọ̀gá kékeré nínú iṣẹ́ ológun, dé àṣekágbá US Open. Tom Okker, ọmọ Netherlands, ló bá pàdé. Sẹ́ẹ̀tì márùn-ún gbáko ni wọ́n ta: 14-12, 5-7, 6-3, 3-6, 6-3. Ashe ló borí.

Àmọ́ kò lè gbowó. Torí pé kò tíì di akọṣẹ́mọṣẹ́, òfin ò gbà á láàyè, dọ́là 14,000 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó borí sì bọ́ sọ́wọ́ Okker tó pàdánù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé ife fún Ashe, bàbá rẹ̀ bọ́ sórí pápá. Bàbá tó ń gbálẹ̀ pápá aláwọ̀ dúdú ní Richmond dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún níwájú gbogbo ayé. Ọmọ náà ò sunkún.

Àṣekágbá mìíràn dùn ún gan-an. Lọ́dún 1972, ó ti gba sẹ́ẹ̀tì méjì sí ẹyọ kan lọ́wọ́ Ilie Nastase, ọmọ Romania tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí oníyẹ̀yẹ́ àti oníjà lórí pápá. Nastase padà wá gba ife náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ òun àti Connors

Ta ni Jimmy Connors? Ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́wọ́ òsì láti Amẹ́ríkà ni, tó máa ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni pé bọ́ọ̀lù ọ̀hún jẹ ẹ́ lówó. Ní ọdún 1974 nìkan, ó gba ife Australia, ti Wimbledon àti ti Amẹ́ríkà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ashe ti kò ó kí ó tó di Wimbledon ọdún 1975, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló sì fìdí rẹmi. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni àṣekágbá ní Johannesburg lọ́dún 1973, nígbà tí ìjọba South Africa, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ̀ láti fún Ashe ní físà, wá gbà á láàyè kó wọ̀lú. Àwọn aláwọ̀ dúdú kan bú u nígbà náà pé kí ló wá ṣe nílẹ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà.

Ọ̀rọ̀ òun àti Connors kọjá tẹ́níìsì. Ashe wà lára àwọn tó dá ATP, ẹgbẹ́ àwọn akọṣẹ́mọṣẹ́ ọkùnrin, sílẹ̀ lọ́dún 1972, òun sì ni ààrẹ ẹgbẹ́ náà lásìkò tí à ń sọ yìí. Connors kọ̀, kò wọ ẹgbẹ́. Wọ́n tún ní kó wá gbá Davis Cup fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, kò yọjú. Ashe kọ̀wé bẹnu àtẹ́ lù ú, Connors sì pe Ashe lẹ́jọ́ pé ó ba òun lórúkọ jẹ́. Ẹjọ́ yẹn ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé ní àṣekágbá Wimbledon, lọ́jọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1975.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí Ashe pé ọmọ ọdún 32. Ọmọ ọdún 22 ni Connors, kò sì tíì pàdánù sẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo nínú ìdíje náà. Àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ ò ka Ashe kún rárá. Ashe wọ jákẹ́ẹ̀tì Davis Cup tí wọ́n kọ USA sí jáde sórí pápá. Kò sọ nǹkan kan, àmọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ bá wí yéé yé.

Agbára ni Ashe fúnra rẹ̀ máa ń fi gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó, wọ́n tú Connors palẹ̀. Wọ́n rí i pé agbára alátakò ni ọmọ náà ń jẹ: bí bọ́ọ̀lù bá ṣe le tó bó ṣe ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń le padà. Wọ́n ní kí Ashe má fún un ní agbára kankan jẹ.

Ohun tó ṣe gan-an nìyẹn. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́, ó ń gbá a sílẹ̀ sí ẹsẹ̀ Connors, ó ń gbé e gba òkè orí rẹ̀ kọjá. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ayò, ó ń tì í síta sí apá ọ̀tún ọlọ́wọ́ òsì yìí, ìyẹn sì ń sáré tẹ̀lé e kúrò láàárín pápá. Connors ń fi gbogbo ara gbá a, bọ́ọ̀lù ń lọ sínú àwọ̀n. Sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, 6-1. Ìkejì, 6-1. Àwọn òǹwòran ò gba ojú wọn gbọ́.

Connors ò gbà. Ó gba sẹ́ẹ̀tì kẹta ní 7-5, ó tún ṣíwájú ní 3-0 nínú ìkẹrin. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ eléré ti máa ń dà á rú, tí wọ́n á padà sídìí agbára. Ashe ò yí ìlànà padà. Nígbàkigbà tí wọ́n bá sinmi láti pààrọ̀ ìhà, yóò jókòó, yóò di ojú rẹ̀ pa, bí ẹni tó ń gbàdúrà. Ó bá a, ó kọjá rẹ̀, ó sì parí rẹ̀ ní 6-4. Ó yí sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀, ó na ẹ̀ṣẹ́ sókè fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó sì lọ bọ Connors lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀kọ́ tí àwọn kan pè ní ọ̀lẹ ló gba ife yẹn. Kò pẹ́ sígbà náà tí Connors fi jáwọ́ nínú ẹjọ́. Títí di àsìkò yìí, Ashe nìkan ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó tíì gba ife Wimbledon tí wọ́n ń ta lẹ́nìkọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ tí omijé já

Ilẹ̀ Áfíríkà náà jẹ nínú oore rẹ̀. Lọ́dún 1971, ó rí ọmọ ọdún 11 kan tó ń gbá tẹ́níìsì ní Yaoundé, lórílẹ̀-èdè Cameroon. Ó fún un ní rákẹ́ẹ̀tì, ó sì bá a sọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ tẹ́níìsì ní Faransé. Yannick Noah lorúkọ ọmọ náà. Lọ́dún 1983, ó gba ife ńlá ilẹ̀ Faransé. Ọdún yẹn kan náà ni Nduka Odizor, ọmọ Nàìjíríà, borí Guillermo Vilas ní Wimbledon.

Ṣùgbọ́n ara Ashe ò le mọ́. Àrùn ọkàn kọlù ú lọ́dún 1979, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì fẹ̀yìn tì lọ́dún 1980. Wọ́n tún ṣiṣẹ́ abẹ mìíràn lọ́dún 1983. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbà pé ó kó kòkòrò HIV wọ ara rẹ̀. Ọdún 1988 ló mọ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Jeanne, pa á mọ́ra, torí ọmọ wọn obìnrin, Camera, ṣì kéré.

Nígbà tí ìwé ìròyìn kan gbọ́ fìn-ín-ìn, tó sì fẹ́ gbé e jáde, Ashe pe àwọn oníròyìn jọ lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 1992 láti sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ibi tó kan ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ há, omijé sì já. Ìyàwó rẹ̀ ló bá a ka ibẹ̀. Ọkùnrin tí Connors ò lè mú bínú, tí ìbọn ṣọ́jà ò mú pariwo ní Onikan, ọ̀rọ̀ ọmọ ló fọ́ ọ.

Oṣù mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, ó ń sọ̀rọ̀ káàkiri lórí àrùn éèdì. Ó tún lọ fẹ̀hónú hàn níwájú White House nítorí àwọn ará Haiti tí wọ́n ń dá padà, ọlọ́pàá sì mú un. Ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 1993 ló kú, lẹ́ni ọdún 49. Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí ní Richmond.

Lọ́dún 1996, wọ́n gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní Monument Avenue ní Richmond, ní òpópónà kan náà pẹ̀lú ère àwọn ọ̀gágun tó jagun kí oko ẹrú má bàa kásẹ̀ nílẹ̀. Ní 2020 àti 2021, wọ́n hú ère àwọn ọ̀gágun yẹn kúrò. Ti Ashe ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé ní ọwọ́ kan, rákẹ́ẹ̀tì ní èkejì. Wọ́n sì ti fi orúkọ rẹ̀ pe òpópónà ńlá mìíràn ní ìlú náà, èyí tó lọ já sí Byrd Park, pápá tẹ́níìsì tí wọ́n ti dá a padà nígbà tó wà lọ́mọdé.