ÀJÀYÍ CROWTHER ÀTI ỌTÍ ÒYÌNBÓ NÍ ONÍTṢÀ

Àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà ní ìlà-oòrùn Odò Ọya, wọ́n sábà máa ń bi wá pé kí ni Yorùbá ń wá ní Onítṣà. Èsì wa kò jìnnà: ọmọ Yorùbá ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 1857.

Òṣòógùn ni wọ́n bí Samuel Àjàyí Crowther sí. Ogun kó o lẹ́rú ní 1821. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Potogí, ó sì gúnlẹ̀ sí Sàró. Ní oṣù Keje 1857, ó dá iṣẹ́ CMS sílẹ̀ ní Onítṣà, ó sì fi Àlùfáà J. C. Taylor, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí ní Sàró, síbẹ̀. Ní 1864, ó di Bíṣọ́ọ̀bù, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà.

Ọkọ̀ tó ń wá ra epo pupa kì í wá lófìfo. Jíìnì àti rọ́ọ̀mù wà lára ẹrù rẹ̀. Ẹmu àti ògùrọ̀ tètè máa ń kan, ṣùgbọ́n ọtí inú ìgò kì í bàjẹ́, ó sì le jù wọ́n lọ fíìfíì. Crowther tako òwò yìí. Ní nǹkan bí 1884, Maliki, ọba Núpé ní Bídà, kọ̀wé pé kí Crowther bá òun bẹ ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì kó dá ọtí náà dúró. Mùsùlùmí àti Bíṣọ́ọ̀bù wá ń sọ ohun kan náà.

Ní 1885, Fada Joseph Lutz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn Àgùdà láti Faransé, dé Onítṣà. Ìsìn wọn kò lè ṣe kí wọ́n má lo wáìnì àjàrà, òkè òkun sì ni ó ti ń wá. Crowther kò bá wọn jà. Ilẹ̀ tí ìlú ti fún ìjọ tirẹ̀ ló yọ̀ǹda fún wọn. Wáìnì wà nínú ìsìn tirẹ̀ náà. Òwò tó ń ba ìlú jẹ́ ló ń bá jà.

Onítṣà yìí kan náà ni wọ́n ti dójú tì í. Ní oṣù Kẹjọ 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó inú CMS fẹ̀sùn kan àwọn àlùfáà rẹ̀, wọ́n sì lé àwọn kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ níṣojú rẹ̀. Ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891. Ní 2014 ni Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury tó tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí a bá ń ṣí ìgò níbi àríyá ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí a rántí bàbá yìí. Ó mọ èyí tó yẹ kí á yọ̀ǹda, ó sì mọ èyí tó yẹ kí á kọ̀.